Àwọn Kọ̀ǹpútà Ìlóbi Kò Tíì Kú

Ayétòrò,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mọrẹ́nikẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Kí ọkàn rẹ má fò sókè nígbà tí o bá rí bí lẹ́tà yìí ṣe nípọn tó. Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn nínú ilé. Ìyá rẹ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bá ewúrẹ́ aládùúgbò jà nítorí ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Èmi ni ara mi kò balẹ̀. Inú ń bí mi, ó sì ti ń bí mi láti ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí o pè mí láti Ìlóbi, tí nẹ́tíwọ̀kì já mọ́ wa lẹ́nu kí n tó dá ọ lóhùn.

Ohun tí o sọ kò pọ̀. O ní, "Bàbá, ọ̀gá wa fẹ́ kí n fọwọ́ sí ìwé kan pé gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwé ti kú. Lọ́jọ́ Ẹtì ni àwọn oníkọ̀ndẹ́mù ń bọ̀ wá kó wọn."

Mo ní, "Ṣé wọ́n ti kú ni?"

O ní, "Wọn kì í tàn dé ibi tó yẹ, Bàbá. Wọ́n á kọ nǹkan funfun sójú dúdú, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Ṣé kí n kàn fọwọ́ sí i?"

Ibẹ̀ ni ohùn rẹ ti já. Mo pè ọ́ títí, obìnrin inú ẹ̀rọ kan tó ń sọ Faransé, láti nẹ́tíwọ̀kì òdìkejì bọ́dà, ló ń dá mi lóhùn. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ìdáhùn mi sílẹ̀. Sí-dì kan wà nínú àpò ìwé yìí, mo fi páálí sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà ṣẹ́. Awakọ̀ tó ń ná Ìlaró ló máa mú un wá fún ọ lọ́la. O ní odindi Ọjọ́bọ̀ láti fi ṣiṣẹ́ kí àwọn oníkọ̀ndẹ́mù tó dé.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun tó wà nínú mi jáde, kí ọwọ́ mi lè rọ̀ nígbà tí mo bá dé ibi iṣẹ́ gan-an.

Ta ló sọ pé wọ́n ti kú? Ẹ̀rọ tó tan iná, tí fáànù inú rẹ̀ ń yí, tó sì ń kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé òun ò rí ètò tí òun máa fi ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ yẹn ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ni. Ohun tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni ọ̀gá yín fẹ́ kí o kọ ìwé òkú fún. Ó sì mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ìwọ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Àwọn òbí ló dáwó ra kọ̀ǹpútà yẹn. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, inú rẹ sì ń dùn pé irú òbí bẹ́ẹ̀ ṣì wà. Kò lè dá a tà. Ó nílò ìwé tí olùkọ́ kọ̀ǹpútà fọwọ́ sí, kó lè gbé e síwájú wọn ní ìpàdé, kó sì gbọnwọ́ méjèèjì nù. Orúkọ rẹ ló fẹ́ yá lò, Mọrẹ́nikẹ́, orúkọ tí kò tíì pé sáà kan nílé ìwé ọ̀hún.

Ó fẹ́ yàrá náà pẹ̀lú. O sọ fún ìyá rẹ pé wọ́n ti ń to pákó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, pé ó ní ibẹ̀ lòun máa kó àpò ìrẹsì sí, nítorí ìrẹsì ti di wúrà láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà. Kò tiẹ̀ fi bò. Ó ní ìrẹsì ń mówó wọlé, kọ̀ǹpútà ń jẹ iná. Mo rò ó títí: kí ẹnì kan kọ́ ilé, kó kọ "ilé ìwé" sára rẹ̀, kó gba ọmọ ọlọ́mọ sínú rẹ̀, kó sì máa ṣírò èyí tó máa mówó wá nínú àpò ìrẹsì àti ẹ̀kọ́ wọn.

O mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá kó wọn lọ. Àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ kò ní kọ̀ǹpútà nílé. Orí pátákó ni wọn yóò ti máa kọ́ ọ. Mo ti kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà lórí pátákó rí, nílé ìwé tí mo wà kí n tó fẹ̀yìntì. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya kíbọ́ọ̀dù, mo ya máòsì tì í, mo fa wáyà rẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Sà, ìrù ẹ̀ yẹn ńkọ́, kí ló ń fi ṣe?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi. Ọmọ yẹn lọ ṣe ìdánwò rẹ̀ lórí ohun tí kò fọwọ́ kàn rí.

Má rò pé ìjọba ni mo fẹ́ bá jà. Lórí ọ̀rọ̀ bọ́dà yìí, mo ti kàwé lọ sókè lọ sódò, mo ti kọ ohun tí mo rò sílẹ̀ kí n tó sùn, mo sì ti pa á rẹ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ó yẹ ká jẹ ìrẹsì tí a fọwọ́ ara wa gbìn. Nígbà mìíràn mo máa ń rántí àwọn ará Ìjọ̀un létí bọ́dà, tí oko wọn wà níhìn-ín, tí àna wọn wà lọ́hùn-ún, màá ní ta ló bi wọ́n léèrè. Mi ò tíì mọ ibi tí mo dúró. Ohun tó dá mi lójú ni pé bọ́dà ti di ìdáhùn sí ohun gbogbo. Télọ̀ kò rán bùbá ìyá rẹ tán, ó ní bọ́dà ni. Abẹ́òkúta la ti ra aṣọ, Abẹ́òkúta la ti ra òwú. Ẹni tó ń fẹ́ táyà nídìí gáréèjì fi owó kún iṣẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ ò gbọ́ ni? Bọ́dà." Mo ní, ṣé láti Kútọnu ni atẹ́gùn ti ń wọlé? Ó rẹ́rìn-ín, kò sì dín kọ́bọ̀ kan. Ọ̀gá tiyín náà wá ní kọ̀ǹpútà kò ṣeé tún ṣe, nítorí ohun èlò kò gba bọ́dà wọlé mọ́. Irọ́ ni. Ohun tí àwọn ẹ̀rọ yẹn nílò kò fẹsẹ̀ kan bọ́dà.

Ètò tó ń darí wọn tẹ́lẹ̀ ló bàjẹ́. Ètò mìíràn wà tó ń jẹ́ Linux, tí wọ́n ṣe ní àwòṣe Unix, ètò àtijọ́ tí wọ́n fi ń darí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá. Ọ̀fẹ́ ni, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á. Bí a bá kọ ọ́ sórí sí-dì bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á gbàrà tí a bá ti tàn án, á sì jí, bí ohun tó wà nínú ara rẹ̀ tilẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Mo mọ̀ pé fláàṣì ni gbogbo ayé ń lò fún irú iṣẹ́ yìí báyìí. Àwọn ẹ̀rọ yín ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò mọ̀ pé èèyàn lè jí láti ara fláàṣì. Sí-dì ni wọ́n mọ̀.

Èyí tó wà ní pálọ̀ wa jẹ́ ọmọ ìyá tiyín. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan náà ní Òwódé la ti rà á, láti Kútọnu ni gbogbo wọn ti wọlé nígbà tí ọ̀nà ṣì ṣí, kíbọ́ọ̀dù àwọn Faransé sì ni gbogbo wọn ní. Mo pinnu pé tiwa ni màá fi dán an wò kí n tó dá ọ lóhùn. Mi ò fẹ́ fi ẹnu lásán sọ fún ọ pé kò tíì kú, bí ọ̀gá yín ṣe fi ẹnu lásán sọ pé ó ti kú.

Láàárọ̀ àná mo lọ sí ọgbà yunifásítì, mo gba ètò náà sórí fláàṣì. Fáìlì kan ṣoṣo ni, kò sì tóbi ju sí-dì kan lọ. Nítorí pé kọ̀ǹpútà wa kò lè kọ nǹkan sórí sí-dì, mo gba ọ̀dọ̀ Ràṣáákì lọ, ẹni tó ń ta wáàsí àti fíìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Pléètì ni wọ́n ń pe sí-dì níbẹ̀.

Ó ti rí mi lókèèrè. "Bàbá Tíṣà, ẹ ti wá ronú pìwà dà. Ti lémọ́ọ̀mù ni àbí ti pásítọ̀? Mo ní méjèèjì."

"Ràṣáákì, pléètì òfìfo ni mo wá rà."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Òfìfo kẹ̀? Bàbá, bọ́dà ti tì o. Ìwọ̀nba tó kù sí mi lọ́wọ́, mo ń fi pamọ́ fún ìgbéyàwó ni."

"Ta ló ń gbéyàwó?"

"Ẹni tó bá máa gbéyàwó."

Mo sọ fún un pé àwọn ọmọ ilé ìwé ni mo fẹ́ fi ṣe é fún, àti pé ọmọ mi ni olùkọ́ wọn. Ó gbà, àmọ́ ó ní òun fúnra òun ló máa bọ́ọ̀nù rẹ̀, ìyẹn ni pé kó kọ ọ́ sórí pléètì, kí n má baà fi pléètì òun ṣòfò. Ó ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ rẹ̀, ó wo fáìlì náà, ó fọwọ́ họrí.

"Ta ló ṣe fíìmù yìí?"

"Kì í ṣe fíìmù."

"Apá mélòó ni?"

"Kò ní apá. Odindi ni."

"Bàbá, gbogbo nǹkan ló ní apá."

Mo rò pé ó ń ṣeré. Mo sọdá lọ kí ẹnì kan ní òdìkejì ọ̀nà. Nígbà tí mo padà, pléètì méjì ló nà sí mi. Ó ti lẹ ìwé mọ́ wọn lójú: Apá Kìíní, Apá Kejì, pẹ̀lú àwòrán ẹyẹ aláyà funfun kan, àmì Linux, tó rí nínú fáìlì náà. Ó ti tú u, ó kó ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí ọ̀kan, ìdajì sórí èkejì, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù àti wáàsí tó bá gùn nìyẹn níhìn-ín, oníbàárà kankan kò sì tíì bá a jà rí. Èmi náà, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo ń kà kiri, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e délé. Mo ki Apá Kìíní bọ kọ̀ǹpútà, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Mo yọ ọ́, mo ki Apá Kejì. Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró. Ó ní, "Bóyá Apá Kejì ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò."

Mo padà lọ bá Ràṣáákì. Kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ti dájọ́: "Ẹ̀rọ yín ló ti kú, Bàbá. Pléètì mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó dà bíi pé ẹnì kan gbá mi létí. Gbólóhùn kan náà, láti ẹnu ẹlòmíràn, ní ìlú mìíràn. Mo sọ̀rọ̀ sí i ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀gá yín ni mo ń bá wí. Ràṣáákì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Bàbá, ẹ rọra, ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ wá jókòó kí ẹ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí." A jókòó. Ó tún mú pléètì mìíràn nínú èyí tó fi pamọ́ fún ìyàwó tí kò tíì sí, ó sì tún mú òmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Èyí tó wà nínú àpò ìwé yìí ni ìgbẹ̀yìn. Nítorí náà fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ.

Èkíní. Bí ìwọ náà bá fẹ́ ṣe sí-dì mìíràn lọ́jọ́ iwájú, má tú fáìlì náà, má sì dà á kọ bí ẹni ń da orin kọ. Lórúkọ fáìlì náà, wàá rí iso ní ìparí. Nínú ètò tí ẹ bá fi ń bọ́ọ̀nù, wá ibi tí wọ́n kọ "image" sí, ibẹ̀ ni kí o gbà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí, kì í wá fáìlì kiri. Ibì kan pàtó lórí pléètì ló ń wò, pé kí wọ́n sọ ohun tí òun máa kọ́kọ́ ṣe fún òun. Bí a bá da fáìlì kọ lásán, ohun gbogbo á wà lórí pléètì, ibi yẹn á sì ṣófo. Ti Ràṣáákì kún fún fódà, ẹni tó bá ṣí i wò á ní ó pé. Má gba kí ẹnikẹ́ni fi bí nǹkan ṣe kún tó ṣe ẹ̀rí fún ọ. Ẹ̀rọ tó jí nìkan ni ẹ̀rí.

Èkejì. Yẹ fáìlì náà wò kí o tó bọ́ọ̀nù rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbà á ní ọgbà yunifásítì, iná ṣẹ́jú, íńtánẹ́ẹ̀tì já, fáìlì náà sì dúró síbẹ̀ bíi pé ó ti parí. Orúkọ rẹ̀ pé, ara rẹ̀ ò pé. Àwọn tó ṣe ètò náà máa ń kọ àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gùn bí ìrù ọ̀bọ. Ní kí kọ̀ǹpútà ṣírò ti èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, kí o sì fi wọ́n wé ara wọn. Lórí Linux, sha256sum ni wàá tẹ̀, kí o fi orúkọ fáìlì tì í. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, da fáìlì náà nù, kí o gba òmíràn. Ó ń sú èèyàn. Èmi ṣe é, ó sú mi, mo sì rí i pé àkọ́kọ́ kò dára. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o máa ṣe sí ìwé tí wọ́n bá gbé wá fún ọ láti fọwọ́ sí: ka gbogbo rẹ̀, kí o fi wé ohun tó wà nílẹ̀.

Ìkánjú ló ba pléètì kẹta jẹ́. Ràṣáákì ní ẹ̀rọ òun ń sáré bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Kútọnu, ó sì jẹ́ kó sáré. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í jí, ó dé ìdajì, ó dúró. Yan eré tó lọ́ra jù nínú èyí tí wọ́n bá fi sílẹ̀ fún ọ. Ọ̀gá yín á máa sọ fún ọ pé ọjọ́ Ẹtì ń bọ̀, pé kí o ṣe kíá. Ọjọ́ Ẹtì tirẹ̀ ni.

Ó wá kan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Bí o bá ti tan iná sí i, máa tẹ bọ́tìnnì F10 léraléra. Ojú ewé aláwọ̀ búlúù kan á yọ, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Má sá. Bóyá ojú ewé yìí ni olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ rí tó fi sọ fún ọ̀gá yín pé ẹ̀rọ ti ya wèrè. Wá ibi tí wọ́n kọ "amorçage" sí. Jíjí ẹ̀rọ ló túmọ̀ sí. Gbé "lecteur CD" sókè pátápátá, kó lè wo sí-dì kó tó wo inú ara rẹ̀. "Enregistrer" ni wàá fi pa á mọ́. Bí ó bá bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú, "oui" ni, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni.

Ibi tó tẹ̀ lé e ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún ìyá rẹ pé tiwa náà ti kú. Bí sí-dì bá ti bẹ̀rẹ̀, á kọ "boot" sójú, á sì dúró dè ọ́. O lè tẹ ọ̀rọ̀ méjì síbẹ̀, live toram, tó máa mú kí ẹ̀rọ gbé gbogbo ètò náà sínú iyè rẹ̀, kó sì dá sí-dì padà fún ọ. Bí o ṣe máa fi pléètì kan ṣoṣo jí gbogbo wọn nìyẹn: jí ọ̀kan, yọ pléètì, ki í bọ èyí tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà ni mi ò ṣe tún bẹ Ràṣáákì fún òmíràn. Mo wo kíbọ́ọ̀dù, mo tẹ àwọn lẹ́tà náà bí mo ṣe rí wọn, ó kọ torq, ó tún fi àmì kan tí mi ò tẹ̀ tì í. Mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀, ohun kan náà ló kọ. Mo ti ń sọ lọ́kàn pé kíbọ́ọ̀dù ti lọ.

Kíbọ́ọ̀dù kò lọ. Àwọn tó ṣe é to lẹ́tà sí i bí àwọn Faransé ṣe ń tò ó, ètò náà sì rò pé bí àwọn Amẹ́ríkà ṣe ń tò ó ni. Nítorí náà, tẹ L, I, V, E, fi àyè sílẹ̀, tẹ T, O, R, kí o wá tẹ Q dípò A. Fún ti M, tẹ bọ́tìnnì tó wà lápá ọ̀tún N. Ohun tó hàn lójú ẹ̀rọ ni kí o máa wò, má wo ohun tí wọ́n kọ sórí bọ́tìnnì, títí ẹ̀rọ á fi jí tán tí wàá lè yan French fún kíbọ́ọ̀dù nínú ètò rẹ̀. Ẹ̀rọ tí iyè rẹ̀ bá kéré jù lè má gba ọ̀rọ̀ kejì. Tẹ live nìkan, kí o fi sí-dì sílẹ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ bá ṣe kò ní dúró nínú ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá pa iná, ẹ máa fi pamọ́ sórí fláàṣì. Linux tó ti jí mọ fláàṣì dáadáa.

Tiwa jí. Ó jí lọ́sàn-án òní, ìyá rẹ wà níbẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ ti fẹ́ sọ fún ọmọ yẹn pé kó má fọwọ́ sí i, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Ẹ̀yin ti fẹ̀yìntì. Kò sí ọ̀gá tó lè lé yín níbì kankan. Ìbínú yín rọrùn fún yín."

Mo mọ bí o ṣe pẹ́ tó nílé kí o tó ríṣẹ́ yìí. Mo mọ bí o ṣe máa ń dìde kúrò ní pálọ̀ nígbà tí àlejò bá bi wá pé ibo lo ti ń ṣiṣẹ́. Mo rí ojú rẹ lọ́jọ́ tí o kó ẹrù lọ sí Ìlóbi. Ṣé èmi tí owó ìfẹ̀yìntì mi ń wọlé, bó tilẹ̀ ń wọlé lọ́nà tó ń wọlé, ló yẹ kí n jókòó ní Ayétòrò kí n máa fi iṣẹ́ ọmọ mi ra òtítọ́? Mo bi ara mi ní ìbéèrè yẹn kí n tó mú bíírò yìí, mo sì ń bi ara mi báyìí. Ọ̀gá yín lè lé ọ. Ó lè má lé ọ, kó kàn sọ sáà yìí di ọ̀run fún ọ. Mi ò ní sọ fún ọ pé ẹni tó bá ṣe rere kò ní jìyà. Mo ti dàgbà ju ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ, o sì ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ohun tí mo lè ṣèlérí kéré. Bí ó bá di pé kí o padà wálé, yàrá rẹ wà níbẹ̀, kò sì sí àlejò kankan tó máa bi ọ́ ní ìbéèrè yẹn níwájú mi tí mi ò ní dá a lóhùn.

Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí o fọwọ́ sí i nítorí pé o kò mọ̀. Bí o bá fọwọ́ sí i, kó jẹ́ pé o mọ̀. Bí ìdajì nínú wọn bá ti kú lóòótọ́ lẹ́yìn tí o dán wọn wò, kọ ọ́ pé ìdajì ti kú. Kọ ohun tí o ṣe, kọ ohun tí o rí, kí o sì fún ẹni tó ni ín, ìyẹn àwọn òbí. Ẹnikẹ́ni kò ní kí o bú ọ̀gá yín tàbí kí o dárúkọ ìrẹsì.

Má lọ bá a ní ọ́fíìsì lákọ̀ọ́kọ́. Bí ó bá ti sọ pé rárá, á ṣòro fún un láti yí i padà níwájú rẹ. Lọ́jọ́bọ̀, jẹ́ kí àwọn ọmọ wọlé bí wọ́n ṣe máa ń wọlé. Má ṣàlàyé nǹkan kan fún wọn. Ki sí-dì yìí bọ èyí tó sún mọ́ fèrèsé, tẹ ohun tí mo ní kí o tẹ̀, kí o sì sún sẹ́yìn. Yóò pẹ́ díẹ̀. Ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, ọkàn rẹ á fẹ́ já; fi í sílẹ̀. Bí ó bá jí, pe ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ jù nínú wọn, kó wá jókòó síbẹ̀, kó fi ìka ara rẹ̀ tẹ orúkọ rẹ̀ sójú ẹ̀rọ.

Kó má tíì dìde níbẹ̀. Tẹ́ ìwé ọ̀gá yín sórí tábìlì kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọmọ yẹn, kí o mú bíírò. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá lè kọ níbẹ̀ ni kí o kọ. Èyí yòówù kó jẹ́, mi ò ní bi ọ́ léèrè.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.